Àdìrẹ tuntun tí aró rẹ̀ ran ṣẹ́ẹ̀tì funfun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́lú ní Òṣogbo níbí, mo sì rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú bí aládùúgbò mi ṣe ní kí n ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí mo fọ̀ ọ́, aró rẹ̀ ran ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọkọ mi. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Kí ni mo lè ṣe sí aṣọ méjèèjì? (Ìyàwó ilé kan, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, mà. Aró tí ó yọ nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Ojúlówó èlú náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aláró bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lára rẹ̀, atẹ́gùn ni ó sì ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín bí ó ti ń kán tótó sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, omi kò lè yọ́ aró yẹn mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó wọ inú òwú: aṣọ tí wọ́n tì bọ aró léraléra kí ó lè dúdú dáadáa a máa ní èérún aró tí ó kàn lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Èérún yìí ni ó ń yọ, kò sì sí bí iyọ̀, ọtí kíkan tàbí álọ́ọ̀mù ṣe lè dè é mọ́ aṣọ. Iyọ̀ wúlò fún àwọn àwọ̀ mìíràn, nígbà tí wọ́n bá ń pa aṣọ láró lọ́wọ́. Ti èlú kọ́.

Ẹ jẹ́ kí èérún náà tán ni. Ẹ fi omi tútù ṣan àdìrẹ náà lọ́tọ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ omi títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ ọpọ́n kedere, kí ẹ tó fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ láìgbo ó. Bí aṣọ bá ń yọ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ kò tíì fi ọṣẹ kàn án, sódà tí aláró lò ni kò tíì tán lára rẹ̀; ẹ tún un ṣan, nítorí ó lè yún ara. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì sá a sábẹ́ òjìji, torí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣàánú búlúù. Ẹ lè fi àkísà funfun tí ó tutù díẹ̀ ra ìṣẹ́tí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń yọ. Lójú tèmi, kódà bí àkísà náà bá mọ́, kò yẹ kí ó bá funfun wọ omi kan náà.

Ní ti ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì lọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tún un fọ̀. Bí búlúù bá ṣẹ́kù, tí ṣẹ́ẹ̀tì náà sì jẹ́ òwú funfun pátápátá, ẹ fi omi la Hypo ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, nítorí ó máa ń pa àwọ̀ èlú. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ọtí kíkan tàbí oògùn ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí èéfín tí yóò jáde léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì jẹ́ kí ó ta sí àdìrẹ: ojú ibi tí ó bá kàn yóò ṣí, aláró nìkan ni ó sì lè tún un ṣe.

Omi aró tí ẹ bá fẹ́ dànù, ojú gọ́tà ni kí ẹ dà á sí. Símẹ́ńtì a máa fà á mu, bí ó bá sì dà sórí táìsì, ẹ tètè nù ún kí ó tó wọ àárín wọn.