Èló lò ń gbà lóṣù? Ẹ yé fi òwe pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́

Ọmọ mi, o bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni àṣà Yorùbá ní kí èèyàn má sọ iye tó ń gbà lóṣù. Ìbéèrè rẹ bí mi nínú, àmọ́ kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí. Ọ̀gá yín ni, èyí tó kó ẹ̀yin òṣìṣẹ́ jọ tó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ iye owó oṣù rẹ̀ fún ẹnì kejì, tó wá fi òwe tì í lẹ́yìn pé "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," tó ní àṣà Yorùbá nìyẹn. Ẹnì kejì ni ẹni tó o ní o gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní nítorí àjẹ́ ni àwọn baba wa kì í fi í sọ iye tó ń wọlé fún wọn. Kí ọ̀rọ̀ kan ṣáà ti le díẹ̀, àjẹ́ ni wọn yóò dì í rù. Ó ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òwe náà, torí òun ni ọ̀gá yín dì mú. Òwe ò ní kí ọlọ́mọ má ka ọmọ tirẹ̀. Ìyá wo ni kì í ka ọmọ rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́? Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù síta, báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Àlejò ni òwe ń bá wí, ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé, tó ń na ìka: ení, èjì, ẹ̀ta, "Ọmọ yín pé mẹ́jọ, àbí?" Ìka àlejò yẹn ni èèwọ̀. Bó bá wá jẹ́ dandan ká fi òwe yìí ṣe òfin owó oṣù, ohun tó ń sọ ni pé kí ará ìta má ṣírò àpò rẹ fún ọ. Ìwọ tó o ni àpò lè ṣírò rẹ̀ sí etí ẹni tó bá wù ọ́. Ọ̀gá yín dojú òwe kodò, ẹ sì gbà fún un nítorí pé ó fi ohùn àgbà pa á.

Kí ló dé tí ìka àlejò fi burú tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní bí a bá ka ọmọ, ọmọ á kú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ a máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi, tí mo ti bá ọ̀pọ̀ àgbà jiyàn lé lórí tí wọn ò sì rí i já, ni pé ẹni tó bá ń ka nǹkan rẹ ti ń gbèrò láti mú níbẹ̀. Kíkà ló máa ń ṣáájú pínpín.

Ẹ wo ìtàn wa. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, wọ́n ní láti ka orí kí wọ́n tó lè gba owó rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, àwọn obìnrin pàápàá ń san owó orí, nígbà tó sì di 1947 tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó àwọn obìnrin jáde, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn agbowó-orí ni pé wọ́n ń tú ọmọdébìnrin sí ìhòòhò láti wò ó bóyá ó ti tó ẹni tó ń san. Ẹ ò rí i? Wọ́n ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ, tìwé tìwé, ní ojúmọmọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949 kó tó padà wá. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tó dìde lòdì sí owó orí, àwọn náà ńkọ́? "Òkè mẹ́fà là ó san" ni wọ́n ń kọ lórin, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, torí ìjọba ń ṣírò wọn bí ẹni tí owó kún ọwọ́ rẹ̀, àwọn sì mọ ohun tí kòkó ń mú wọlé.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti fi ojú ara mi rí i ni ọ̀rọ̀ Údojì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Údojì jẹ́ alága rẹ̀ ni ìjọba Gowon ní kó yẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wò. Ìparí 1974 ni wọ́n kéde ẹ̀kúnwó náà. Nígbà tó di 1975, wọ́n san án pọ̀ mọ́ ti àwọn oṣù tó ti kọjá, owó ńlá sì bọ́ sí ọwọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Kí Údojì tó dé, kò sẹ́nìkan nínú agboolé wa tó mọ iye tó ń gbà. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò mọ̀, kò sì béèrè, nítorí òun náà ní ìṣòwò tirẹ̀ tí ọkọ kì í yọjú sí. A kàn mọ̀ pé bí oṣù bá parí, búrẹ́dì á wọlé, bàbá àgbà á sì rí nǹkan fi sápò.

Rédíò ló wá ka iye náà jáde, ìpele dé ìpele. Gbogbo àdúgbò di oníṣirò. Onílé tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé ò dúró kí owó náà délé kó tó fi kún owó ilé. Alápatà tó máa ń fi èènì sí ẹran fún un dẹ́kun èènì, ó ní "Ẹ̀yin ọmọ Údojì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá dúnàá-dúrà lọ́dọ̀ mi." Àwọn ẹbí dé láti oko, oníkálukú sì ti pín owó náà nínú ọkàn rẹ̀ kó tó wọkọ̀: èyí fún òrùlé tó ń jò, èyí fún ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ìwé girama, èyí fún gbèsè kan tí mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pín in títí, ó fún gbogbo wọn ní nǹkan, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ dáadáa. Àbúrò rẹ̀ kan ló là á mọ́lẹ̀ níṣojú gbogbo wa: "Bí n ò bá mọ iye tó wọlé fún yín, ohun tẹ́ ẹ fún mi yìí, n bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un. Ṣùgbọ́n mo ti mọ iye. Ó kéré."

Ọkùnrin yẹn ò ka ìwé rárá, àmọ́ mi ò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó ṣàlàyé àṣà yìí tó o.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦30,000 ní 2019, tí wọ́n tún sọ ọ́ di ₦70,000 ní 2024, ọlọ́jà ti gbọ́ kí òṣìṣẹ́ tó gbà á. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ ò nílò kí n rò ó fún yín.

Ẹni tó bá wá ní Yorùbá ń tijú ọ̀rọ̀ owó, kó bá mi dé òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé. Kó wo bí olórin ṣe ń pe orúkọ, bí owó ṣe ń já bọ́ níwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní a lè torí owó níná lé èèyàn lórí lóde ìnáwó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín sí oṣù mẹ́fà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń ná an. Kó lọ sí ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń fi gbohùngbohùn pè é pé ìdílé Lágbájá mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà wá. Ta ló ń tijú iye níbẹ̀? Owó tó ń jáde là ń pariwo rẹ̀, owó tó ń wọlé là ń dákẹ́ lé lórí. Èyí tó jáde, a ti pín in tán, kò sẹ́ni tó tún lè bá ọ jà lé e. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọn ò tíì pín.

Ìkíni wa gan-an ti mọ ọ̀nà tó ń gbà yẹ ìṣirò sílẹ̀. Bí o bá bá obìnrin nídìí igbá rẹ̀, wàá ní "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá," òun á ní "Àṣẹ." Bí ẹ bá mọra, o lè fi kún un pé "Ṣé ọjà ń tà?" Yóò ní "A dúpẹ́." Ó lè jẹ́ pé kò tíì ta ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ pé igbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, "a dúpẹ́" gba méjèèjì. Ẹni tó bá tún wá bi í pé "Èló lẹ ti pa?" ti kọjá àyè rẹ̀. Alárinà tó ń ṣèwádìí ọkọ ìyàwó náà mọ ààlà yìí: á béèrè bóyá ó níṣẹ́ lọ́wọ́, bóyá ó jẹ gbèsè, bóyá ó ya ọ̀lẹ. Iye tó ń gbà kì í sí nínú rẹ̀.

Alájọ nìkan ni gbogbo ọjà ń fi àpò hàn. Ẹ ti gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ fún ọlọ́gbọ́n èèyàn pé orí rẹ̀ pé bí ti Alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó gba àjọ láì kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Àwọn èèyàn ń yin ọpọlọ rẹ̀. Èmi, ẹnu irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń yìn. Alájọ tó bá ń sọ iye tí ìyá aláṣọ ń dá fún ìyá aláta, ta ni yóò tún na owó sí i lọ́la?

Wọ́n tún máa ń pa "Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn" mọ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù. Àṣírí tó ń tini lójú ni ti òwe yẹn, owó tí èèyàn fi òógùn ojú rẹ̀ gbà ò sí níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ibì kan wà tí iye gbọ́dọ̀ jáde sí gbangba, ìyẹn owó oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé e lọ bá òbí. Ìyá á gbà á, á wúre sí i, á mú díẹ̀, á dá ìyókù padà. Kíkà àti pínpín tún nìyẹn lójú kan náà. Àwọn pásítọ̀ kan ti ń gba àyè yìí lọ́wọ́ ìyá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Ó wá kan ọ̀gá yín. Kí ni ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ onídìrí, ẹgbẹ́ awakọ̀ ń ṣe bí wọ́n bá jókòó ìpàdé? Iye ni wọ́n ń sọ: iye tí a ó máa gbà rán bùbá, iye tí a ó máa gbà dirun. Ẹni tó bá lọ gba iye tó kéré sí ti ẹgbẹ́, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e, ó sì lè pàdánù ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ títí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, iye ò fìgbà kan jẹ́ àṣírí, torí kò sẹ́ni tó ń wá ìpín nínú owó ẹnì kejì níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ gbogbo wọn jẹ. Ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà, ẹgbẹ́ lẹ jẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ dákẹ́ ni ẹni kan ṣoṣo tó mọ iye ti gbogbo yín. Òun ló ti ka gbogbo ọmọ tán!

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti wá gbé àṣà náà gba ibi tí kò yẹ. Ọmọ á ya àwòrán owó tó wọ báńkì rẹ̀ láàárọ̀, á gbé e síta kí ayé rí i. Tó bá di alẹ́, á máa sunkún pé ẹbí ò jẹ́ kí òun mí. Lọ́fíìsì ńkọ́, níbi tó ti yẹ kó sọ̀rọ̀? Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, torí ọ̀gá pa òwe.

Nítorí náà, bí àbúrò bàbá rẹ bá bi ọ́ pé èló lò ń gbà, má purọ́ fún un, má sì fi ìbínú dá a lóhùn. "A dúpẹ́, sà, ó ń gbé wa dé ìparí oṣù" ti tó. Bó bá tún béèrè, a jẹ́ pé ó ní ohun tó fẹ́ gbà. Bi í ní ohun náà gan-an, kí o sì fún un ní èyí tí apá rẹ bá ká. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, ẹ jókòó, kí kálukú ka tirẹ̀ sí etí ẹnì kejì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá jọ lọ bá ọ̀gá.