Ìbéèrè Yín Lórí Ewéko Inú Ilé: Abọ́ Ọ̀rinrin Lásìkò Ọyẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni etí ewé fern mi ti ń gbẹ, bí mo bá sì fọwọ́ kàn án, wómúwómú ló ń rún. Mò ń bomi rin ín dáadáa. Wọ́n ní kí n ra àwo tó ń fún ewéko ní ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù fún mi. Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀? (Olùkàwé, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti tán nílé ti tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé kẹ́ẹ̀gì, ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò náà ná. Bó bá tutù níwọ̀nba, tó sì jẹ́ etí ewé nìkan ló ń gbẹ, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fa omi lára ewé ju èyí tí gbòǹgbò ń fà sókè lọ. Bó bá jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n, tí iyẹ̀pẹ̀ rin gbingbin tó sì ń rùn, gbòǹgbò ló ń jẹrà. Abọ́ ọ̀rinrin kò lè wo ìyẹn. Omi tí ẹ ń bu sí i ni kí ẹ dínkù.

Tó bá jẹ́ ti ọyẹ́, ẹ dá kẹ́ẹ̀gì lítà 5 dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé òkè rẹ̀ kúrò, kí ẹ̀gbẹ́ tó kù ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ẹnu kẹ́ẹ̀gì bá bọ́ sí apá ìsàlẹ̀, ẹ dé e pinpin. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òróró ibẹ̀ tán pátápátá, torí òróró tó bá léfòó kò ní jẹ́ kí omi gòkè di ọ̀rinrin. Tíréè rọ́bà àtijọ́ tiẹ̀ dára jù ú lọ, nítorí bí ojú omi bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Jíjìn abọ́ kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ wá òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ bu omi sí i kó ku sẹ̀ǹtímítà 1 kó tó kan òkè òkúta. Abọ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó fẹ̀ ní 20, máa gba bí ìdajì lítà. Orí òkúta ni ẹ ó gbé ìkòkò lé. Ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi rárá: iyẹ̀pẹ̀ á máa fa omi gba ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́, yóò sì jẹrà. Bí ẹ bá bomi rin ewéko, ẹ yẹ abọ́ wò, torí èyí tó ṣẹ́ kù máa ń ṣàn sínú rẹ̀.

Ìwọ̀nba ni ọ̀rinrin tí abọ́ yìí ń mú wá, ewé tó wà nítòsí omi ló sì ń jẹ ẹ́. Fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù tó bá dojú kọ ọ́ á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Kí ọ̀rinrin náà má bàa tètè lọ, ẹ kó ìkòkò mẹ́ta mẹ́rin jọ síbì kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀fọn ti ń pọ̀ nínú pálọ̀ wa látìgbà tí mo ti gbé abọ́ yìí kalẹ̀. Ṣé kí n da kẹrosíìnì sí i? (Olùkàwé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Yóò pa tanwíji lóòótọ́, ṣùgbọ́n á bo ojú omi, ọ̀rinrin kò ní jáde mọ́, òórùn rẹ̀ á sì ba ewé jẹ́. Nígbà ooru, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàrin ọjọ́ 7 sí 10. Nítorí náà, ẹ máa da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì fi kànìnkànìn ha ẹ̀gbẹ́ abọ́ dáadáa. Àwọn ẹ̀fọn kan ń lẹ ẹyin mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́ lókè omi, ẹyin náà kì í sì í kú bí abọ́ bá gbẹ.

Ìbéèrè: London ni mo wà. Ṣé mo lè gbé abọ́ náà sórí radiator (irin tó ń mú inú ilé gbóná nígbà òtútù), kí n sì kó fern àti etí erin (aloe vera) mi sínú rẹ̀? (Olùkàwé)

Ìdáhùn: Ooru ibẹ̀ á se gbòǹgbò. Ẹ gbé fern sórí òkúta jìnnà sí radiator, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń kàn án. Etí erin kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ẹ fi í sílẹ̀ síbi gbígbẹ.