Gbogbo wọn ló ń fà mí: ta ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń darí àwọn tí ilé-iṣẹ́ wa rán lọ ṣí ọjà tuntun nílẹ̀ òkèèrè. Áàpù tí èèyàn fi ń sanwó lórí fóònù la ń ṣe. Àwọn tó fi owó sí ilé-iṣẹ́ wa ní a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà ní àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ àwọn. Àwọn ẹnjiníà wa nílé ní àwọn ò ní pín server, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa, sí méjì láé. Alábàáṣiṣẹ́pọ̀ tó ń bá wa forúkọ àwọn oníṣòwò sílẹ̀ níbẹ̀ ti gbọ́ pé a fẹ́ ṣí ọ́fíìsì tiwa, kò sì gbé fóònù mi mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹni tí kò gbé fóònù yẹn ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Má kọ ímeèlì sí i. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ, kí o jókòó níwájú rẹ̀.

Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí èmi náà wà nípò tí o wà yìí, ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti fi sílẹ̀ tipẹ́, a ní alábàáṣiṣẹ́pọ̀ kan tó ti bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Inú ìwé ìròyìn ló ti kà á pé a fẹ́ dá dúró. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé ìròyìn náà ti wà lórí tábìlì, ó sì ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo. Kò bú mi. Ó rọra tì í sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ṣé ibí ló yẹ kí n ti gbọ́?" N kò rí nǹkan kan sọ. Oṣù méje gbáko la fi wá ojúure rẹ̀ padà, kò sì sí oníṣòwò tuntun kankan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní gbogbo àsìkò náà.

A rò pé owó ló ń bí i nínú. A fi kún ìpín rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ìgbà tí mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an ló tó là á yé mi: òun ni àwọn oníṣòwò yẹn gbà gbọ́ tí wọ́n fi gbà wá. Bí a bá já òun sílẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n máa wá bi í pé kí ló dé. La bá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oníṣòwò tó bá tọwọ́ rẹ̀ wọlé, abẹ́ rẹ̀ ni yóò wà fún oṣù 18, àti pé bí ohunkóhun bá fẹ́ yí padà, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n máa ti kọ́kọ́ gbọ́. Iye tí èyí ná wa kò tó ìdajì ohun tó kọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti báńkì àpapọ̀, ṣé o ti ka ìwé tí wọ́n kọ? Kì í ṣe àkópọ̀ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ọ o, ìwé náà gan-an. Jókòó ti lọ́yà tó mọ òfin ibẹ̀, kí ẹ kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. "Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbí" kì í ṣe ọmọ ìyá "kí ó wà níbí nìkan". Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báńkì àpapọ̀ Íńdíà pàṣẹ pé àkọsílẹ̀ owó sísan gbọ́dọ̀ wà ní Íńdíà nìkan, ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà. Ní 2019 ló tó ṣàlàyé pé wọ́n lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lókè òkun, bí wọ́n bá lè pa á rẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n sì dá a padà sílé, ó pẹ́ tán, láàárín wákàtí 24. Wo bí àlàyé kan ṣe yí iṣẹ́ ẹnjiníà padà! Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní tirẹ̀ kò ní kí o fi dandan tọ́jú dátà sọ́dọ̀ wọn, bó ṣe ń jáde lọ ni wọ́n ń ṣọ́. Bílíọ̀nù 1.2 yúrò ni owó ìtanràn tí wọ́n bù fún Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ní oṣù karùn-ún 2023 nítorí dátà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà.

Bí gbólóhùn náà bá ti yé ọ, mú ẹnjiníà rẹ kan dání lọ bá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní báńkì náà. Kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kí ìwọ dákẹ́. "Láé" tí wọ́n ń sọ nílé, mo mọ ibi tó ti ń wá: àwọn ni wọ́n máa jí lóru bí server kejì bá kú. Ṣèlérí èèyàn méjì tí yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, kí o sì mú un ṣẹ.

Bí àwọn ẹnjiníà bá ṣì taku, sọ ti eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, ní Ṣáínà fún wọn. Ní 2003, wọ́n ra EachNet tán, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, olú ilé-iṣẹ́ kó o lọ sórí ẹ̀rọ tiwọn ní Amẹ́ríkà kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan. Ó di pé kò yá mọ́ fún àwọn tó ń lò ó ní Ṣáínà, àtúnṣe kékeré sì ń dúró de àṣẹ láti òkèèrè. Taobao, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti àwọn ará Ṣáínà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń tún tirẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tí 2006 fi ń parí lọ, eBay ti fa ọjà náà lé ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ kan lọ́wọ́.

Àwọn olówó ló kù. Mi ò bínú sí wọn, owó wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Àmọ́ má gba oṣù mẹ́ta yẹn kí báńkì tó fọwọ́ sí i. Àsọjù kọ́ lèyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2020, WhatsApp bẹ̀rẹ̀ owó sísan ní Bràsíìlì. Ní ọjọ́ 23 oṣù yẹn kan náà, báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ ní kí Visa àti Mastercard, tí owó náà ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, dá a dúró. Báńkì náà ń múra Pix, ètò owó sísan lójú ẹsẹ̀ tirẹ̀, lọ́wọ́ nígbà yẹn, ó sì jáde ní oṣù kọkànlá. Òpin oṣù kẹta 2021 ni WhatsApp tó rí àṣẹ gbà. Fi déètì méjèèjì ti oṣù kẹfà yẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́ tí o máa gbé síwájú àwọn olówó, kí o sì fi déètì tìrẹ sábẹ́ wọn: ọjọ́ tí báńkì bá fún wa ní ìwé àṣẹ ni a máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́ta.

Kọ̀wé sí mi bí o bá ti rí alábàáṣiṣẹ́pọ̀ yẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ.