Ṣé òótọ́ ni pé cigar kò léwu fún ẹni tí kò bá gbé èéfín rẹ̀ mì?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti pè wá sí ilé ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ti ń mu cigar ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a lè jọ jókòó kí ara sì tù wá. N kò fa sìgá rí láyé mi. Àwọn tó mọ ibẹ̀ ní kí n má bẹ̀rù, pé ẹnu nìkan ni wọ́n ń mú èéfín cigar dúró sí kí wọ́n tó fẹ́ ẹ jáde, nítorí náà kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, àti pé tí mo bá ti fi omi iyọ̀ yọ ẹnu nígbà tí mo bá délé, ó ti tán nìyẹn. Ìyàwó mi, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin, yóò bá mi lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ẹnu kàn án. Irú èwo ni kí n yàn, báwo ni mo sì ṣe máa mu ún tí ojú kò fi ní tì mí láàárín àwọn tó ti mọ̀ ọ́n mu?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. N kò ní bá yín yan cigar, nítorí ẹnu àti eyín ni mo ń tọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ dáhùn ni gbólóhùn kan tó wà nínú ìwé yín, tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn aláìsàn mi láìmọye ìgbà, tí ó sì ń bí mi nínú gidigidi, torí pé àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kì í sí nítòsí ní ọjọ́ tí a bá ń gé lára ahọ́n ẹni tó gbà wọ́n gbọ́. Gbólóhùn náà ni pé ẹni tí èéfín cigar kò bá dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò mu nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ewé tábà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi bébà wé, ni sìgá, tábà tó wà nínú ẹyọ kan kì í sì í sábà pé gíráàmù 1. Cigar ní tirẹ̀ jẹ́ ewé tábà tí wọ́n sá, tí wọ́n kó jọ fún ìgbà pípẹ́ títí ó fi kan, tí wọ́n wá fi odindi ewé tábà mìíràn wé. Ẹyọ ńlá kan lè gba gíráàmù 5 sí 17, èyí tó túmọ̀ sí pé tábà inú ẹyọ kan ṣoṣo lè tó ti odindi páálí sìgá, wákàtí kan sí méjì ni ènìyàn sì lè fi jókòó tì í. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹyọ kan péré ni òun mu.

Ní ti gbígbé èéfín mì, ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ni pé ó súnmọ́ òótọ́ díẹ̀. Èéfín sìgá máa ń kan díẹ̀, bí ó bá sì ti kan, nikotíìnì inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tábà tó ń di bárakú síni lára, kì í tètè gba awọ inú ẹnu kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fa sìgá fi gbọ́dọ̀ fà á dé ẹ̀dọ̀fóró kí ó tó rí ohun tó ń wá. Èéfín cigar kò kan bẹ́ẹ̀. Ìwà rẹ̀ súnmọ́ ti kaun tàbí omi eérú. Nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀, nikotíìnì a máa tú sílẹ̀, a sì gba awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ahọ́n, tó fẹ́lẹ́ púpọ̀, bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ẹni tó mú èéfín cigar dúró sẹ́nu kò sé ọ̀nà mọ́ ọn. Ojú ọ̀nà gan-an ló dá a dúró sí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń mu ún fún ìgbà àkọ́kọ́, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, tí òógùn tútù bò ó, tí èébì sì ń gbé e, tí ó sì ń búra pé òun kò gbé èéfín kankan mì, òótọ́ ni ó ń sọ. Ẹnu ni nikotíìnì náà gbà wọlé.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Bí ẹni tó ti ń mu cigar fún ọdún pípẹ́ bá jókòó sórí àga mi, tí ó gbé orí sẹ́yìn, tí ó la ẹnu, àjà ẹnu rẹ̀ lókè ni mo máa ń tan iná sí ṣáájú ibòmíràn. Níbi tó yẹ kí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó lè ti funfun, ó ti nípọn, ó sì ti sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ilẹ̀ tí omi gbẹ lórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àmì pupa kéékèèké káàkiri. Ojú ihò tí itọ́ ń gbà jáde ni àwọn àmì pupa náà, ooru àti èéfín ló mú wọn wú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn máa ń rọlẹ̀ bí onítọ̀hún bá jáwọ́. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n funfun tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ahọ́n tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a fi òwú nù tí kò nù, kì í ṣe ohun tí mò ń fojú kékeré wò, torí pé ó lè di àrùn jẹjẹrẹ, àfi kí n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ní ọdún 1998, National Cancer Institute ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí cigar nìkan. Ohun tí wọ́n rí ni pé ewu kí jẹjẹrẹ ẹnu, ti gògóńgò tàbí ti ọ̀nà oúnjẹ pa ẹni tó ń mu cigar déédéé tó ìlọ́po 4 sí 10 ti ẹni tí kì í mu tábà. Ẹ kíyè sí àwọn ibi tí wọ́n dárúkọ. Ibi tí èéfín ń dúró sí ni, àti ibi tí itọ́ tó ti pò mọ́ èéfín ń gbà kọjá. Ẹni tí kò gbé èéfín mì, ó ṣáà ń gbé itọ́ mì. Sigmund Freud, oníṣègùn ọpọlọ tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, fẹ́ràn cigar dé góńgó. Ní ọdún 1923 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gé lára àjà ẹnu rẹ̀ àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, wọ́n ṣe ohun èlò kan tó ń fi dí àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti imú rẹ̀ kí ó lè jẹun kí ó sì sọ̀rọ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì ṣe fún un kí ó tó kú ní 1939 lé ní ọgbọ̀n.

N kò sọ pé alẹ́ ọjọ́ kan yóò fún yín ní jẹjẹrẹ. Ewu náà ń pọ̀ sí i bí ènìyàn bá ṣe ń mu ún tó àti bí ó bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo sì ń tọ́jú lónìí ni ó jẹ́ pé ayẹyẹ ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọtí líle bá tún wà nídìí rẹ̀, bí ó ti sábà máa ń rí ní irú ibẹ̀, kì í ṣe pé ewu méjèèjì kàn ro ara wọn pọ̀ lásán. Èkínní ń sọ èkejì di púpọ̀ nínú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Ní ti omi iyọ̀, òórùn ni ó ń mú kúrò. Ohun tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, yíyọ ẹnu kò lè pè é padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyàwó yín, tí ẹ fi sí ìparí bí ẹni pé ohun kékeré ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú un lọ. Láàárín ìfà kan sí èkejì, cigar ń jó lọ fúnra rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń kún inú yàrá. Nínú èéfín náà ni carbon monoxide wà, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó ń di mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń di mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ inú sì ti ń rí ọ́síjìn gbà. Ìròyìn tí ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2006 sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n èéfín tábà ẹlòmíràn tí kò léwu, àti pé fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù kò lè kó o tán nínú ilé. Bí ibẹ̀ bá ní ìta gbangba tí a lè jókòó sí, ó sàn ju inú ilé lọ fún ẹ̀yin, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn gbà kí aboyún lọ.

Ẹ lè lọ kí ọ̀rẹ́ yín kú oríire, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ kì í mu tábà. Kò sí ohun ìtìjú nínú ìyẹn. Bí ẹ bá ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée tàbí egbò lẹ́nu, ẹ má tilẹ̀ jókòó síbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá sì kọ etí dídi sí gbogbo èyí tí ẹ gbé e sẹ́nu, ẹ má ṣe é lórí ikùn òfìfo, ẹ sì gbé e kalẹ̀ nígbà tí orí bá kọ́kọ́ fò yín, kí ẹ jáde lọ gba atẹ́gùn; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin tì yín mu ún tán. Tí ẹ bá délé, ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ sì wẹ̀ kí ẹ tó súnmọ́ ìyàwó yín.

N kò tíì yẹ ẹnu yín wò, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn yìí rọ́pò àyẹ̀wò dókítà tó mọ ara yín, bẹ́ẹ̀ ni dókítà tó ń tọ́jú oyún ìyàwó yín ni kí ẹ fi ìbéèrè tó bá kù lọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, tó ti ń mu cigar tipẹ́, kí ó dúró níwájú dígí lónìí pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó gbé ahọ́n sókè, kí ó wo abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí egbò kan bá wà níbẹ̀ tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò jiná, tàbí àbàwọ́n funfun tàbí pupa tí kò nù, kí ó wá oníṣègùn eyín lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ dùn ún rárá.