Ojú Ìwé Tí Mo Ń Sá Fún ní Àsìkò Lẹ́ńtì

Arábìnrin wa, ẹ kú ìforítì. Ẹ ní ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti ń gbìyànjú láti máa kọ ohun tó wà lọ́kàn yín sílẹ̀ fún Ọlọ́run lálaalẹ́ ní àsìkò Lẹ́ńtì, ìyẹn àwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, àmọ́ kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi máa ń já. Ẹ wá béèrè ohun tó yẹ kéèyàn máa kọ, ohun tó yẹ kéèyàn ṣe sí ọjọ́ tó bá fò, àti bóyá orí fóònù ló dáa ni tàbí inú ìwé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́, òfo ni mo mú bọ̀. Torí náà, ibi tí mo ti ṣubú ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwàásù ni mo ń kọ nígbà yẹn, mi ò sì mọ̀ pé òun ni. Màá ka Bíbélì tán, màá wá máa ṣàlàyé rẹ̀ sínú ìwé: "A gbọ́dọ̀ máa ronú pìwà dà. Ó yẹ kí Kristẹni jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ ọkàn." Ẹ wò ó dáadáa. "A" ló wà níbẹ̀, "Kristẹni" ló wà níbẹ̀. Kò sí "èmi", kò sì sí "Ìwọ". Mò ń bá ìjọ tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀, mi ò wá bá Ọlọ́run tó wà níbẹ̀ sọ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gún régé o. Mo máa ń tún un kà, inú mi á sì dùn.

Lọ́dún kẹrin, ibi tí mo kà lálẹ́ ọjọ́ kan ni Mátíù orí 5, níbi tí Jésù ti ní kí ẹni tó bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tó wá rántí pé arákùnrin òun ní nǹkan sí òun, fi ọrẹ náà sílẹ̀ ná, kó lọ bá a làjà. Mo kọ ojú ìwé méjì àbọ̀ lórí ìdáríjì. Ibi tí mo ti fẹ́ ṣí èkẹta ni ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ ìyá ni wá. Oṣù mẹ́rìndínlógún nìyẹn tí a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà àìsàn bàbá wa. Mo ṣí ìwé náà padà sí Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, mo ń fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, mò ń wá orúkọ rẹ̀. Alẹ́ méjìdínlógún ni mo ti kọ̀wé sí Ọlọ́run. Orúkọ àbúrò mi ò sí níbì kankan.

Mo fàlà sídìí gbogbo ohun tí mo ti kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wá kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀: "Olúwa, mi ò fẹ́ dárí jì í." Mo tẹ bírò mọ́ "mi ò fẹ́" yẹn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já. Téèyàn bá fọwọ́ pa ẹ̀yìn ojú ìwé náà lónìí, ọwọ́ á ṣì kan ibẹ̀. Àyà mi já lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán, mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ òdì. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ pé mi ò tíì fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo kọ ìdí tí mi ò fi fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Nígbà tó di Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí Àjíǹde tó dé, mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é lọ́jọ́ kejì, ó gbé e, ọ̀rọ̀ ìyá wa nìkan la sì sọ. Àárín wa ò tíì rí bíi ti ìgbà tí a wà lọ́mọdé, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n a ń pe ara wa.

Ohun tí mo ń kọ láti ìgbà náà kì í ju ìlà mẹ́jọ lọ, kì í sì í gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀dọ̀ Ignatius ti Loyola, àlùfáà Kátólíìkì tó kú ní 1556, ni ìlànà tí mo gbé e kà ti wá. Ó kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ láti máa yẹ ọjọ́ wọn wò níwájú Ọlọ́run: kí wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́, kí wọ́n tọrọ ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n rìn padà gba inú ọjọ́ náà kọjá láti wákàtí dé wákàtí, kí wọ́n tọrọ ìdáríjì, kí wọ́n sì pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́la. Èmi fi ìbéèrè kan kún un tó jẹ́ tèmi: kí ni mò ń sá fún láti kọ lálẹ́ òní? Ẹ má fo ìyẹn. Tí ẹ ò bá ráyè kọ nǹkan míì, ẹ dáhùn òun nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí Lẹ́ńtì mi lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ ń kọ ṣeé fojú rí. "Mo bínú lónìí" kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ kan ni: "Mo jágbe mọ́ ọmọ mi láàárọ̀ nítorí bàtà tí kò tètè rí. Ó wolẹ̀. Mo rí i pé ó wolẹ̀, mo sì jáde lọ." Lẹ́yìn tí mo kọ "mo rí i", kò sí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà sùn láìkọ ìlà ti ọ̀la: "Bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ síléèwé." Mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbàgbé. Èmi ò tíì gbàgbé.

Ọpẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, mo sì jìyà kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ yìí. Lọ́dún kẹfà, mo pa ọpẹ́ tì, ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni mò ń kọ, mo ní mo fẹ́ ṣe é dáadáa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Tí mo bá ti rí ìwé náà lórí tábìlì, ara mi á wó, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Mo gbé e lọ bá àlùfáà wa. Ó ṣí ojú ìwé bíi mélòó kan, ó pa á dé, ó sì ní kí n ka Sáàmù 130 fún òun sókè. Mo dé ibi tí onísáàmù ti ń béèrè pé bí Olúwa bá ń sàmì ẹ̀ṣẹ̀, ta ni ì bá dúró. Ó ní, "Olúwa ò sàmì, ìwọ wá ń bá a sàmì." Mo sunkún níbẹ̀. Láti ọdún náà ni mo ti ń fi àwọn Sáàmù ìrònúpìwàdà méje bá ìwé mi rìn, ìyẹn 6, 32, 38, 51, 102, 130 àti 143. Ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀ lé Ọjọ́rú Eérú títí dé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọ́n sì ń ṣe wẹ́kú. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀bi kì í fi lọ́rùn sílẹ̀, tàbí tí ìbànújẹ́ ti dé bá débi tí oorun àti oúnjẹ fi sá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lẹ́yin nìkan. Ẹ sọ fún pásítọ̀ yín, ẹ sì rí dókítà.

Ní ti ọjọ́ tó bá fò, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe fò. Nígbà kan, mo jókòó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo kọ ti Ọjọ́ Ajé, ti Ìṣẹ́gun, ti Ọjọ́rú àti ti ọjọ́ náà gan-an pa pọ̀. Mo tiẹ̀ ń pa bírò dà, dúdú fún ọjọ́ kan, búlúù fún òmíràn, kó lè dà bíi pé mi ò fo ọjọ́ kankan. Ta wá ni mo fẹ́ tàn jẹ? Ní báyìí, màá kọ déètì ọjọ́ tí mo fò, màá kọ "mi ò wá" sí i níwájú, màá sì máa bá tòní lọ. Ìwé tèmi tọdún tó kọjá ní "mi ò wá" mẹ́sàn-án nínú.

Ẹ má gbàgbé Ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Láti Ọjọ́rú Eérú dé Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Ẹ yọ Ọjọ́ Ìsinmi 6 kúrò, á ku 40, torí pé ọjọ́ àjíǹde Olúwa ni Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, a kì í kà á mọ́ àwẹ̀. Mi ò kì í kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Mo máa ń ka ti ọ̀sẹ̀ náà padà, màá fi pẹ́ńsù yí ọ̀rọ̀ tó bá ń wáyé lemọ́lemọ́ ká. Ìgbà kan wà tí mo yí "ó rẹ̀ mí" ká nígbà 11 láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Mo ti ń pe ohun náà ní ọ̀dá ẹ̀mí, ìyẹn kí ọkàn gbẹ nídìí àdúrà, mo ti ń bá Èṣù wí lórí rẹ̀. Àìsùn ni. Mò ń wo fóònù di òru.

Ọ̀dá ẹ̀mí gidi náà wà, kí n má tàn yín. Alẹ́ míì á wà tí kò ní sí nǹkan kan nínú yín. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Sáàmù 88 kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan títí tó fi parí, inú òkùnkùn ló parí sí, ó sì wà nínú Bíbélì.

Ẹ̀ṣẹ̀ yín ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ àṣírí ẹlòmíì. Mo kọ ti ọ̀rẹ́ mi kan rí, torúkọ-torúkọ, pé mò ń gbàdúrà fún un. Ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ẹyin lohùn, àgàgà èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò tún sọ tinú rẹ̀ fún mi mọ́. Ohun kan náà ló jẹ́ kí n má fara mọ́ kí wọ́n máa gbé e sójú gbogbo ayé. Mátíù orí 6 tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eérú ti ní ká ti ìlẹ̀kùn tí a bá fẹ́ gbàdúrà.

Ọjọ́ Eérú yẹn náà, kí ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ ka ojú ìwé tí ẹ kọ kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi kígbe Hòsánà lọ́dún ìṣáájú ni wọ́n máa ń sun di eérú tí wọ́n ń fi sí wa níwájú orí. Ìlérí mi àtijọ́ ni mo máa ń rántí tí eérú náà bá kàn mí.

Ó wá ku ti fóònù. Inú ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí o, èyíkéyìí tó bá wà nílé. Mo ti lo fóònù fún Lẹ́ńtì kan gbáko, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀ sì ń dí mi lọ́wọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló burú jù. Orí fóònù, téèyàn bá kọ nǹkan tó bà á lẹ́rù, ó lè fi ìka kan pa á rẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó kà á tán. Ká ní orí fóònù ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ "mi ò fẹ́" yẹn, mo mọ ara mi, ǹ bá ti pa á rẹ́, ǹ bá sì ti kọ ẹsẹ Bíbélì kan tó dùn gbọ́ rọ́pò rẹ̀.