Dátà Meteosat fún ìwádìí òjò: bí ẹ ó ṣe gbà á láì jẹ́ kó kún kọ̀ǹpútà yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ máásítà ni mí ní Àkúrẹ́. Ìjì òjò tó máa ń jà ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí. Mo nílò àwòrán sátẹ́láìtì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti dátà orí fóònù nìkan ni mo ní. GOES, sátẹ́láìtì ojú-ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Ṣé èmi náà lè lò ó? Ṣé wọn á gbowó?

Ìdáhùn: Ẹ fi GOES sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ó rọrùn láti gbà: NOAA, àjọ ojú-ọjọ́ Amẹ́ríkà, kó o sórí ẹ̀rọ ìpamọ́ Amazon, wọn kì í béèrè àkáǹtì. Ṣùgbọ́n dígírì 75.2 ní ìwọ̀-oòrùn ni GOES-East dúró sí, Amẹ́ríkà ló ń wò. Láti ibẹ̀, etí òbìrìkìtì ayé gan-an ni Èkó bọ́ sí, ìkùukùu ibẹ̀ á sì lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Èyí tó wà fún wa ni Meteosat ti EUMETSAT, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Dígírì 0 ló dúró sí, lókè Òkun Guinea, kò sì jìnnà sí orí wa rárá.

Oríṣi méjì ló wà. SEVIRI, kámẹ́rà tó wà lára àwọn Meteosat ìran kejì, ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú 15-15, ó ní ṣánẹ́ẹ̀lì 12 (oríṣi ìtànṣán tó ń wò), píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 3 lábẹ́ sátẹ́láìtì. Dátà rẹ̀ wà láti 2004. Meteosat-12 ni tuntun: wọ́n jù ú sókè ní December 13, 2022, ó sì di olórí sátẹ́láìtì ní dígírì 0 ní December 4, 2024. Ìṣẹ́jú 10-10 ni FCI, kámẹ́rà tó wà nínú rẹ̀, ń yàwòrán, pẹ̀lú ṣánẹ́ẹ̀lì 16. Fún ìwádìí tó kan ọdún púpọ̀, SEVIRI ni kí ẹ mú. FCI dára gan-an, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ni fáìlì rẹ̀ máa ń wá, ogójì ègé fún àwòrán kan ṣoṣo, bí ẹ kò bá sì kọ `import hdf5plugin` sínú Python yín, kò ní ṣí.

Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ olùwádìí. Ẹ ṣí àkáǹtì lórí ìkànnì EUMETSAT, ẹ fọwọ́ sí àdéhùn ìlò dátà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjì tí wọ́n ń pè ní consumer key àti consumer secret. Ẹ má kọ ìkejì yìí sínú kóòdù tí ẹ ó fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ fi `eumdac`, irinṣẹ́ tí a fi ń gba dátà EUMETSAT, sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tẹ `eumdac set-credentials KEY SECRET`.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há nìyí. Fáìlì SEVIRI kan tó kó gbogbo ojú ayé tó rí tó nǹkan bíi MB 270 bí ẹ bá tú u. Fáìlì 96 ló wà lọ́jọ́ kan, ìyẹn bíi GB 26. Oṣù kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 780. Kò sí dátà fóònù tó máa gbé ìyẹn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni kí ẹ ti gé e kí ẹ tó dáùnlóòdù. Data Tailor, irinṣẹ́ EUMETSAT tó ń gé dátà lórí ẹ̀rọ tiwọn, ló ń ṣe é. Ẹ kọ èyí sínú fáìlì `chain.yaml`:

```
product: HRSEVIRI
format: netcdf4
projection: geographic
filter:
  bands: [channel_9, channel_10]
roi:
  NSWE: [14, 4, 2, 15]
```

Channel_9 ni ìtànṣán ooru tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 10.8 µm, channel_10 ni ti 12.0 µm. NSWE ni àlà: àríwá, gúúsù, ìwọ̀-oòrùn, ìlà-oòrùn. A fa àlà náà dé dígírì 15 ní ìlà-oòrùn nítorí apá ìlà-oòrùn ni àwọn ìjì yìí ti máa ń bọ̀. Bí ẹ bá gé e mọ́ Oǹdó nìkan, ìjì á kàn yọ sí yín lójijì, ẹ kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gé e báyìí, oṣù kan kò yẹ kó ju GB 2 sí 4 lọ. Ẹ fi fáìlì kan dán an wò ná. Ààyè tí wọ́n fún yín lórí Data Tailor níwọ̀n: ẹ máa fi `eumdac tailor quota` wò ó, kí ẹ sì fi `eumdac tailor delete` pa iṣẹ́ tí ẹ ti gbé rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tuntun á dúró.

Tó bá jẹ́ pé odindi fáìlì SEVIRI (`.nat`) lẹ gbà, Satpy, àkójọ kóòdù Python, ni kí ẹ fi ṣí i, `seviri_l1b_native` sì ni reader rẹ̀. Ẹ fi `upper_right_corner='NE'` sínú `load`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán á dojú dé. Ẹ ṣọ́ra fún `crop(ll_bbox=...)` náà: ìwọ̀-oòrùn, gúúsù, ìlà-oòrùn, àríwá ni nọ́ńbà rẹ̀ ń tò, kò bá ti Data Tailor mu.

Àkókò náà ń tan èèyàn jẹ. Fáìlì `.nat` tí orúkọ rẹ̀ ní 20230420121243, agogo 12:12 tí àyẹ̀wò parí ló wà níbẹ̀. 12:00 UTC (aago àgbáyé) ló bẹ̀rẹ̀. Láti gúúsù lọ sí àríwá ni SEVIRI ń wò, bíi ìṣẹ́jú 7 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ń dé ọ̀gangan Àkúrẹ́. Nígbà tí ẹ bá fi wákàtí kan kún un fún Nàìjíríà, aago 1:07 ọ̀sán ni. Ẹni tó ń fi òjò inú àgbá ìwọnjò wé àwòrán tí kò mọ èyí, á sọ pé sátẹ́láìtì ń purọ́.

Ẹ wo nọ́ńbà inú fáìlì kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Bó bá wà láàárín 190 sí 320, kelvin ni, ìyẹn ìwọ̀n òtútù àti ooru. Bó bá jẹ́ 8 sí 150, radiance (agbára ìtànṣán) ni, ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà pẹ̀lú nọ́ńbà tí EUMETSAT tẹ̀ jáde fún sátẹ́láìtì yẹn gan-an. Bó bá ń sún mọ́ 1023, kò tíì kúrò ní nọ́ńbà gbígbẹ láti inú ẹ̀rọ. Nínú `.nat`, Satpy á bá yín ṣe é.

Fún ìjì, 233 K (−40°C) ni ọ̀pọ̀ máa ń fi pààlà ìkùukùu gíga, 213 K fún èyí tó le jù. Ṣùgbọ́n ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń tutù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá. Ìdí nìyí tí a fi mú channel_10: ẹ yọ ọ́ kúrò lára channel_9. Níbi tí ìkùukùu ti ki, èsì á sún mọ́ òdo. Níbi tó ti fẹ́lẹ́, á ga sókè. Ti pé ìkùukùu gíga máa ń yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ nítorí sátẹ́láìtì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò lè dà yín láàmú púpọ̀: èyí tó ga ní kìlómítà 15 kò yẹ̀ ju bíi kìlómítà 3 lọ ní Ìbàdàn. Ní Maiduguri ó tó 5 àbọ̀.

Òtútù orí ìkùukùu kì í ṣe òjò o. Fún ìwọ̀n òjò, ẹ gba IMERG, ìṣirò òjò láti sátẹ́láìtì ti NASA, tó wà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dígírì 0.1. TAMSAT, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti Yunifásítì Reading, dára fún òjò ojoojúmọ́ láti 1983, àmọ́ ọjọ́ kan gbọọrọ ti pọ̀ jù fún ìjì tó ń kọjá láàárín wákàtí méjì. Fún IMERG, ẹ ṣí àkáǹtì Earthdata ti NASA, kí ẹ sì wọ inú rẹ̀ lọ fọwọ́ sí NASA GESDISC DATA ARCHIVE. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, fáìlì kékeré kan á wọlé pẹ̀lú orúkọ tó tọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Notepad ṣí i, ojú ewé ìwọlé lẹ ó bá níbẹ̀. Àtòjọ inú IMERG jẹ́ lon (ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn) ṣáájú lat (gúúsù sí àríwá), nítorí náà ẹ yí i kí máàpù má baà dùbúlẹ̀. Mílímítà ní wákàtí kan sì ni nọ́ńbà rẹ̀: ẹ pín in sí méjì kí ẹ tó ro fáìlì 48 ọjọ́ kan pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò yín á di ìlọ́po méjì.