Èsì: Kóńgò tí wọ́n lù nídìí

Arábìnrin mi, ẹ bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa fi kóńgò tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ wọnú, kí gàrí tó ń gbà lè dín kù, wọn gàrí fún oníbàárà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí gbogbo ọjà ń lò nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni o. Òwe 11:1 pe òṣùwọ̀n èké ní ìríra lójú Olúwa.

Èmi náà ń ta gàrí l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo ti lo irú ẹ̀ rí. Ìdí ẹ̀ wú wọnú bí ẹ̀yìn ìgbákọ. Ìtìjú rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Nígbà tí mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fi owó díẹ̀ lé e, àwọn oníbàárà kan sì bínú lọ. Ìyá kan tún un wọ̀n nílé, ó padà wá, ó ní, "Tìẹ pé." Ẹ ra kóńgò tuntun lọ́la, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí ìdí ẹ̀ kí ẹ tó bu gàrí sí i.